Ta Ló Da Omi Sínú Alùpùpù Mi?

Màmá, ẹ má ní kí n jókòó! N kò jókòó! Ṣé ẹni tó ti alùpùpù láti ìdí òkè wálé ló ń jókòó, ohun tó yẹ kó gbé mi, èmi ni mo ń tì í, tí àwọn onímọ́tò ń fun fèrè lẹ́yìn mi, tí ẹnìkan tún yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀ tó ní, "Dókítà ẹran, ṣé ẹran tuntun nìyẹn? Kí ló ń ṣe é?" Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ẹ wo bàtà mi. Ẹ wo ṣòkòtò mi títí dé orúnkún. Ẹ tún wá wo ọwọ́ òsì mi yìí, ọwọ́ tí màlúù tẹ̀ mọ́ irin, tí kò lè fún aṣọ dáadáa mọ́, òun náà ni mo fi ń ti irin tó wúwo ju ọkọ mi lọ!

Rárá, n kò mu omi. Ẹ má dárúkọ omi sí mi létí lónìí.

Omi ni wọ́n dà sínú ẹ́ńjìnì mi, Màmá. Omi! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, orí mi pé. Ẹnìkan ló ṣí i, tó da omi sí i, tó sì dé e padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ pé ọwọ́ èèyàn wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé mo ń fura jù, pé ìfura ni kò jẹ́ kí n sanra. Ó dáa. Àjà ò fura, àjà jìn. Ògiri ò fura, ògiri là. Èmi ò ní là.

Àárọ̀ yìí, ṣebí ojú yín náà ló ṣe, mo gbé kúlà abẹ́rẹ́ àwọn ewúrẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo fi okùn dì í, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dáhùn, ẹ tilẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kí n lọ ire kí n bọ̀ ire. Mo lọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí wàhálà. Àfi ìgbà tí mo kan òkè báyìí, níbi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀, mo fún un níná, ó ń ké, ó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ! Ariwo ń bẹ, ìrìn kò sí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn, èmi, kúlà, ohun gbogbo, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ilẹ̀ kí n tó rí i dá dúró, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun sì rèé báyìí o, kò ju ibi tí àga yín wà yẹn lọ.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, n kò ṣubú. Mo ní n kò ṣubú!

Mo gbé kúlà lé orí, mo fi ẹsẹ̀ gun òkè náà. Oòrùn yẹn! Nígbà tí mo fi máa dé òkè, yìnyín ti yọ́ tán, omi inú kúlà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti bàjẹ́ síbẹ̀, n kò sì lè gún ewúrẹ́ eléwúrẹ́ ní ohun tó ti kú kí n máa purọ́ pé mo ti ṣiṣẹ́. Opó kan wà níbẹ̀, òun ni ewúrẹ́ tirẹ̀ pọ̀ jù, ó ti so gbogbo wọn mọ́lẹ̀ dè mí láti òwúrọ̀. Kò bú mi o. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá, ìbá sàn kó bú mi! Àrùn yẹn sì ti dé òdìkejì odò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin ewúrẹ́ lójoojúmọ́, odò yẹn kò sì jìn, ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn ín kọjá.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ti gbọ́. Ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù, ẹ mọ̀ pé ìgbà tí ohùn ọ̀gá bá tutù ló burú jù. Ó ní bí alùpùpù mi kò bá lè gbé abẹ́rẹ́ dé òkè láàárọ̀ ọ̀la, òun á gbé òkè fún ẹlòmíì, kí èmi wá jókòó sí sítọ́ọ̀, kí n máa to ìgò oògùn. Èmi! Gbogbo ohun tí ojú mi ti rí lọ́wọ́ màlúù, kí wọ́n wá fi mí ṣe olùtọ́jú ìgò!

Kí lẹ wí? Kí n ra tuntun? Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Gbogbo tuntun tó lè gun òkúta ló ní kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń fún kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òsì mi dà? Àwọn tuntun tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ti àwọn tó ń fi lọ ra búrẹ́dì lórí títì ni, táyà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ kúkúrú, ẹrẹ̀ kékeré ló máa gbé wọn mì. Èyí nìkan ni mo rí, ọtomátíìkì tí wọ́n dìídì ṣe fún inú igbó, tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo tó fún èèyàn láti fún un níná. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó ti wà láyé kí n tó mọ ọkùnrin. Bó bá lọ, ó lọ nìyẹn, èmi náà lọ.

Ẹ ò rí i bí mo ṣe rà á ni. Lọ́wọ́ Bàbá Katapílà ni, ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wa katapílà níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, òun ló máa ń gùn tó bá fẹ́ lọ wo ibi tí ọ̀nà máa gbà. Kí n tó dé ilé rẹ̀ ni mo ti ń fura sí i. Ta ló máa ń ta nǹkan tó dára? Mo dé bẹ́ẹ̀, ó ká tapólì kúrò lórí rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Ẹ mọ̀dí? Bó bá gbóná, a jẹ́ pé ó ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó dé, kí n má baà mọ̀ pé ó máa ń ṣòro tẹ̀ ní òtútù. Ó tutù bí ilẹ̀. Mo fura sí ìyẹn náà. Mo wò ó bóyá ọ̀dà tuntun wà níbì kan, torí ibi tí ọ̀dà tuntun bá wà ni irin tó sán máa ń sá pamọ́ sí. Kò sí. Mo wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì, mo wo nọ́ńbà ara irin, wọ́n bára mu. Mo yọ rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, mo fi ìka nù ún bóyá iyanrìn wà níbẹ̀. Mo fi imú gbọ́ òórùn ọ́ìlì. Bàbá ń wò mí, ó fi ẹ̀rín sẹ́nu, ó ní, "Ìyáàfin, ṣé alùpùpù lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ sílé?" Mo ní èyí tó wù kó jẹ́, mo fẹ́ mọ ìdílé tó ti wá!

Àṣé òun náà ń fura sí mi. Kò tà á fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n kọ́kọ́ gùn ún yí ilé ká, òun fẹ́ rí bóyá mo máa lù ú nílùkulù. Nígbà tí mo yí i ká tán, ó gbé ike ọ́ìlì pupa kan jáde, ó fi ìdérí kan hàn mí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnì, ìdérí tó ní ojú gbọọrọ láàárín, ó ní, "Ibi yìí ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Bẹntiróòlù máa ń jẹ́ kó pariwo, ọ́ìlì inú ibí yìí ló ń jẹ́ kó rìn. Ọ́ìlì pupa yìí nìkan ni kó máa wọbẹ̀. Ẹ má fi òmíràn dán an wò." Mo gbọ́. Mo sì pa á mọ́. Màmá, ẹ̀yin ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí, ta ló ń tọ́jú ọmọ bí mo ṣe ń tọ́jú alùpùpù yẹn? Mo ń fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì. Mo ń fọ fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀, mo ń fi ọ́ìlì ra á, mo ń fún un bí aṣọ títí ọwọ́ mi ń ro mí. Mo ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ bí ẹni ń po oògùn ọmọ tuntun. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo ń gbé e sùn, lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, mo fi ṣéènì so ó mọ́ irin fèrèsé, tí ẹ ń ráhùn pé òórùn rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ sùn.

Ó kàn wá bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì pupa yẹn, ara rẹ̀ á yá, á gun òkè bí ewúrẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Mo pààrọ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Katapílà, mo ránṣẹ́ sí i pé arúgbó tó bá lu èèyàn ní jìbìtì, kó rántí pé ibojì ò jìnnà. Ẹ má dá mi lẹ́bi, inú ló ń bí mi! Ó ní kí wọ́n bi mí pé kí ni mo dà sí i.

Ẹ gbọ́ o, kí ni MO dà sí i!

Ni mo bá kọjú sí Ẹnu-Dùn. Mẹkáníìkì yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó máa ń kí yín bí ẹni ń kí ayaba. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń fi ẹnu yẹn bò mọ́lẹ̀? Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e lọ, kò ní ṣe é tán lójú mi, á ní kí n fi í sílẹ̀ kó dọ̀la. Á máa fi ọwọ́ pa á lára. Á máa ní, "Dókítà, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ má tà á fún ẹlòmíì o." Háà! Mo ní ọ̀rọ̀ ti yé mi wàyí. Ó ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè sú mi, kí n lè fi í jìn ín. Mo mú ọ̀dà èékánná mi, mo tò ó sára gbogbo nǹkan, pílọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀, bóòtù gbogbo, kí n lè mọ̀ bó bá yọ tèmi tó fi àlòkù sí i. Lóòótọ́, gbogbo àmì mi máa ń bá mi padà wálé. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n túbọ̀ fura, ẹni tó mọ iṣẹ́ olè kì í fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Lónìí tí mo ti í dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, n kò kí i. Àwọn oníbàárà rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo dúró sáàárín wọn, mo pè é lólè. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo pè é lólè lójú gbogbo wọn. Mo ní bó bá wù ú kó jẹ alùpùpù mi, kó gé e jẹ ní tútù! Ọkùnrin yẹn dìde, Màmá. Ó ṣí fìlà lórí. Ó wá abọ́ funfun kan, ó gbé e sábẹ́ ẹ́ńjìnì, ó tú bóòtù ìsàlẹ̀, ọ́ìlì dà jáde. Ẹ bi mí pé pupa ni? Ó rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí! Ó ní, "Dókítà, ẹ wò ó. Omi nìyí. Kì í ṣe ti òjò, rọ́bà ìdérí rẹ̀ ṣì pé. Èèyàn ló ṣí i tó bù ú sí i." Ó sì ní kí n máa gbé e lọ, òun kò ní fi ọ́ìlì sí i, òun kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́ láyé òun, nítorí òun lọ́mọ nílé tó máa gbọ́ pé wọ́n pe òun lólè. Ohùn yẹn, kò dùn rárá.

Mo ń tì í bọ̀ nílé ni ojú mi tó là. Àmì ọ̀dà èékánná tó wà lára ìdérí yẹn! Ilà ni mo fà, ìdajì lórí ìdérí, ìdajì lára ẹ́ńjìnì, kí ilà má bá ara rẹ̀ pàdé mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Ilà ti yẹ̀. Níbo ni mo sì ti fà á? Nílé níbí! Ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo gbé e dé láti ọ̀dọ̀ Ẹnu-Dùn, kò sì kúrò ńlẹ̀ títí àárọ̀ yìí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, Màmá, inú ilé laṣeni ń gbé!

Ta ló sì wà nínú ilé yìí? Èmi, ẹ̀yin, àti ọkọ mi. N kò lè da omi sínú ohun ara mi. Ẹ̀yin ò lè ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èmi ni mo ń bá yín ṣí i. Ó ku ta ni? Ó ku Tíṣà! Ọkùnrin tó ń ráhùn pé ọ́ìlì ta sí ilẹ̀ òun, tó ń sọ fún mi tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Bí o bá jókòó ní ọ́fíìsì, ọwọ́ rẹ á sinmi." Ọwọ́ mi á sinmi! Lánàá ó ń fọn ìfé kiri ilé. Kí ló ń múnú rẹ̀ dùn? Ó bi mí pé, "Ṣé o máa gun òkè lọ́la?" Kí ló kàn án? Kó dé wá bá mi lónìí. Kó ti ilé ìwé dé. Mo ti gbé pílò rẹ̀ sórí àga pálọ̀.

Ẹ ní kì í ṣe òun? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òun? Ẹ máa ń gbèjà àna yín ju èmi ọmọ yín lọ!

Ṣé ẹ rí i, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é, bó jẹ́ òun, bó jẹ́ òkú ọ̀run, mo fi Ọlọ́run búra, ẹni tó da omi sínú alùpùpù mi, kí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, kí ó máa wá omi kiri, kí ó—

Kí ló dé? Kí ló dé tí ẹ fi fọwọ́ bò mí lẹ́nu? Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n ṣépè mi! Ẹni tó fẹ́ kí n bá òkúta lọ sínú ọ̀gbun! Kí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà máa yọ̀, kí ó—

Màmá! Ẹ jókòó. Ẹ ní kí n dárí jì í? Ẹ ò tíì mọ ẹni tó jẹ́, ẹ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un! Ẹ ní kò ní ibi lọ́kàn. Ta ni kò ní ibi lọ́kàn? Ẹni tó ń da omi síbi tí wọ́n ní kí omi má dé? Omi, Màmá, omi lásán-làsàn tó ń—

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ. Ẹ ní kì í ṣe omi lásán?

Kì í ṣe omi lásán. Báwo lẹ ṣe mọ irú omi tó jẹ́, Màmá? Ẹ gbójú sókè. Ẹ má wo ilẹ̀. Ìgò wo nìyẹn tí ẹ ń fẹsẹ̀ tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ẹ gbé e fún mi.

Áà.

Omi àdúrà.

Omi tí ẹ ti jí ní ìdájí gbàdúrà sí? Ẹ wá lọ bù ú sínú... Kí lẹ fi ṣí i? Ẹ̀yìn ṣíbí! Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ṣí ìdérí tí mo kun lọ́dà, ẹ̀yin tí ẹ ò lè ṣí ìgò! Gbogbo ìgbà? Gbogbo ìgbà tí mo bá ní mò ń lọ sókè? Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ní. Àbí ẹ ò gbọ́ pé díẹ̀díẹ̀ náà ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà!

Ẹ rí mi níbẹ̀? Èmi náà ni? Ẹ rí mi tí mo ń bu ọ́ìlì síbẹ̀ tí mo ń sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, gbé mi gòkè, gbé mi sọ̀," ẹ wá rò pé etí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ rò pé ibi tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ ní láti ìgbà tí màlúù ti ṣe mí léṣe, bí mo bá ti gòkè, ẹ kì í lè jẹun títí n ó fi dé. Ẹ ò sì sọ fún mi. Ọdún wo lẹ máa sọ fún mi?

Yéè! Ẹ dákun, èpè yẹn! Mo kó o jẹ! Mo kó o jẹ, Ọlọ́run má gbọ́, èyí tí mo ń sọ báyìí nìkan ni kó gbọ́, kì í ṣe ti ìṣáájú! Ọ̀fun yín ò ní gbẹ, ẹsẹ̀ yín ò ní yọ̀. Ẹ ní àmín. Ẹ sọ ọ́ sókè, Màmá, èmi ni mo ṣépè o!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín! Mo ti pe Ẹnu-Dùn lólè lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ti fi ibojì ránṣẹ́ sí arúgbó, mo ti gbé pílò ọkọ mi sí pálọ̀, àṣé ìyá mi ni ó ń fi àdúrà bọ́ ẹ́ńjìnì mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín, inú mi á bẹ́! Hà-hà-hà! Àdúrà yín gbà o! Ẹ ní kí n má dé ibi ewu, n kò sì dé ibì kankan!

Ó tó. Ẹ gbé gèlè yín. A jọ ń lọ sọ́dọ̀ Ẹnu-Dùn ni, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú, ẹ̀yin lẹ máa kúnlẹ̀ kí èmi tó kúnlẹ̀, torí abẹ́rẹ́ ń bẹ tó gbọ́dọ̀ dé òkè lọ́la. Kí n tó kúrò níbẹ̀, kó fi ọ́ìlì pupa fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ jẹ́ ká gbé pílò Tíṣà padà kó tó dé. Láti òní lọ, ẹ ò gbọdọ̀ súnmọ́ ìdérí yẹn, ẹ má fi ṣíbí kàn án, ẹ má fi fọ́ọ̀kì kàn án—

Ibo lẹ tún ń gbé ìgò yẹn lọ? Màmá! Mo ní ibo lẹ ń gbé e lọ?

Ẹ padà wá níbí. Orí mi rèé. Mo ti kúnlẹ̀. Ibí ni kí ẹ máa dà á sí, torí èmi lẹ bí, ẹ ò bí alùpùpù. Ẹ dà á. Ẹ dà á dáadáa, ẹ gbàdúrà ọ̀hún sókè kí èmi náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan...

Háà! Màmá, ó tutù!